Àwọ̀n Ọlọ́jú Wẹ́wẹ́ àti Epo Ọ̀gbẹ̀sẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, lónìí mo fẹ́ padà sórí àpilẹ̀kọ kan tí mo fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín, èyí tí Provatas, Goldenfeld àti Dantzig gbé jáde nínú Journal of Computational Physics lọ́dún 1999. Iṣẹ́ náà dára. Èmi ni mo yìn ín kọjá ibi tó dé.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí wọ́n ṣe. Bí nǹkan olómi bá ń dì, ààlà kan máa ń wà láàárín èyí tó ti dì àti èyí tó ṣì ń ṣàn. Ààlà náà tín-ín-rín, ó sì ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ta àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré tó láti mú un. Bí ẹ bá dín ojú àwọ̀n kù sí ìdajì ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, iye ojú á di ìlọ́po 8. Pẹ̀lú ọ̀nà ìṣirò ooru tó rọrùn jù, ìṣísẹ̀ àkókò náà á di ìlọ́po 4. Iṣẹ́ ìlọ́po 32 nìyẹn. Owó jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Àwọn mẹ́ta yìí wá fi ojú wẹ́wẹ́ sí etí ààlà nìkan, wọ́n fi ojú ńlá sí ibi tó kù. Bí ààlà ṣe ń rìn, àwọ̀n ń tẹ̀ lé e. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wọ́n fi hàn pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á máa pọ̀ bí ààlà bá ṣe gùn tó, kì í ṣe bí gbogbo pápá bá ṣe fẹ̀ tó.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi irú ìṣirò yìí ránṣẹ́ sí mi: epo pupa tó ń dì lóru nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ó fẹ́ fi sọ fún àwọn alépo bí wọ́n ṣe máa yáná sí i pẹ́ tó. Àwòrán rẹ̀ dán. Epo ń dì láti ara kẹ́ẹ̀gì wá sí àárín, ààlà kan ṣoṣo, ó gún régé.

Ṣùgbọ́n mo ti ń ra epo ní ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ó ti pẹ́. Epo kì í dì báyẹn! Hóró-hóró ló ń yọ káàkiri inú rẹ̀. Èyí tó dì á rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tó ń ṣàn á wà lókè. Àdàlù oríṣiríṣi ọ̀rá ni epo. Kò ní ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo tó fi ń dì bí omi ṣe ní 0°C.

Ibi tí àríwísí mi wà nìyí. Nínú iṣẹ́ 1999 yẹn, kóró kan ni wọ́n gbìn sígun pápá kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àwọ̀n mọ ibi tí yóò máa wò. Nínú epo, hóró tuntun lè yọ níbi tí ojú àwọ̀n ti gbòòrò, kó sì bọ́. Àwọ̀n ò rí i, torí náà kò ní dín ojú rẹ̀ kù níbẹ̀. Kò dín ojú kù, torí náà kò ní rí i. Ìdọ́gba náà fúnra rẹ̀ kì í sì í bí hóró, àfi tí a bá kọ òfin ìbí sínú rẹ̀.

Ìkejì: ọ̀rọ̀ wọn nípa gígùn ààlà ṣì jẹ́ òótọ́, àmọ́ bí hóró bá pọ̀, ààlà ti kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì nìyẹn. Ojú wẹ́wẹ́ á wà níbi gbogbo, èrè ti lọ, ìnáwó títún àwọ̀n ta ló kù.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sọ fún yín pé àwọ̀n yìí ló máa ń dín owó kù. Mo ṣì yín lọ́nà díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀n ojú kan náà dán apá kékeré wò. Ẹ yí ìwọ̀n tó ń pàṣẹ fún àwọ̀n padà, kí ẹ wò ó bóyá èsì á yí. Lẹ́yìn náà, ẹ ki tẹmómítà bọ inú kẹ́ẹ̀gì gan-an.

Ìwọ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, má fà á ya o. Tún un ṣe. Èmi náà ń tún ìwé ìkọ́ni mi ṣe lọ́wọ́.