Ẹni Tó Gé Aadukalam: Iṣẹ́ Kishore Te. Nínú Sinimá Tamil

Gbólóhùn méjì péré ni àwa tá à ń kọ̀wé nípa fíìmù Tamil ní fún ẹ́dítọ̀. Bí fíìmù bá dùn mọ́ wa, a ó ní gígé rẹ̀ mú dáadáa. Bí ó bá sú wa, a ó ní ká ní wọ́n gé bí ogún ìṣẹ́jú kúrò níbẹ̀ ni, ì bá dáa. Ó parí. Èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó rọrùn láti kọ, kò sì sẹ́ni tó lè já èèyàn nírọ́, torí ta ló mọ ohun tí wọ́n gé dà nù?

Mò ń pè é ní ẹ́dítọ̀, mi ò pè é ní olóòtú, torí lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, olóòtú fíìmù ti di ẹni tó ń náwó sí i, tó ń gbé e jáde. Ẹni tí mò ń sọ yìí kì í náwó. Òun ló ń jókòó sínú yàrá kan láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń wo gbogbo ohun tí wọ́n yà, tó ń pinnu èyí tá a máa rí àti èyí tá ò ní rí láéláé. Kishore Te. lórúkọ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 2015, ẹni ọdún 36, nígbà tí fíìmù kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Kodambakkam, àdúgbò Chennai tí wọ́n ti fa orúkọ Kollywood yọ, ẹsẹ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. A. Bhimsingh tó darí Pasamalar ní 1961, inú yàrá gígé fíìmù lòun náà ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Krishnan àti Panju. Ọmọ rẹ̀, B. Lenin, wá di ẹ́dítọ̀. Lenin àti V. T. Vijayan jọ ṣiṣẹ́ débi pé orúkọ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyọ kan. Àwọn ló gé Nayakan ti Mani Ratnam ní 1987. Àwọn náà ló gé Kadhalan ti Shankar ní 1994, tí ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fi fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí ni Kishore ti kọ́ṣẹ́.

Kí wá ni ọmọọṣẹ́ ẹ́dítọ̀ ń ṣe gan-an? Láyé fíìmù gidi, kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé, òun ló ń kọ nọ́ńbà sára fíìmù, tó ń mú ohùn bá ẹnu mu, tó ń fi téèpù lẹ ibi tí ọ̀gá gé. Bí ọ̀gá bá ní kó wá àwòrán kan tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, tí wọ́n ti jù sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ wá a rí ni o. Kọ̀ǹpútà mú apẹ̀rẹ̀ yẹn kúrò, àmọ́ iṣẹ́ náà ò kúrò: ó ṣì gbọ́dọ̀ to nǹkan, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà. Àǹfààní kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Èmi àti ẹ̀yin, ohun tí ọ̀gá mú nìkan là ń rí. Ọmọọṣẹ́ rí ohun tí ọ̀gá jù nù. Bó bá lójú inú, ó máa bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi jù ú.

Eeram ti ọdún 2009 ni fíìmù tí Kishore fi dá dúró. Arivazhagan ló darí rẹ̀, òun náà ti ṣe igbákejì lọ́dọ̀ Shankar rí, ilé iṣẹ́ Shankar ló sì gbé e jáde. Shankar kan náà tí Lenin àti Vijayan ń gé fíìmù fún! Ẹ wò ó, mi ò rò pé ó ṣèèṣì. Ọ̀nà ọ̀gá lọmọ ń tọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá wọlé tán ló kù tí yóò fi ohun tó mọ̀ hàn.

Aadukalam ló fi hàn. Fíìmù yìí, tí Vetrimaaran darí, jáde ní oṣù kìíní ọdún 2011, ìjà àkùkọ ní Madurai ló sì dá lé. Pettaikaran ni ọ̀gá, Karuppu, tí Dhanush ṣe, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wo àkùkọ kan, ó ní kò dáa, kí wọ́n pa á. Karuppu ò pa á. Ó gbé e wọ ìdíje, ọ̀gá ní òun ò mọ̀ ọ́n mọ́ àkùkọ yẹn lójú gbogbo ayé, àkùkọ yẹn sì ń borí. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ọ̀gá ti di ìlara.

Àkùkọ ò ṣeé darí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè ní kó tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i kí kámẹ́rà lè rí i dáadáa. Ìyẹ́, eruku, èékánná, ariwo, ìyẹn ni Kishore fi hun ìjà ọ̀hún, ó sì mú kí á mọ ẹni tó ń borí ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti kan sáárá sí i. Ibi tó ń padà sí ni: ojú Pettaikaran. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wa ń gbóná, tí à ń fẹ́ rí Karuppu tó ń fò sókè, ó máa tún mú wa lọ wo ọ̀gá àgbà yẹn, á sì dúró lójú rẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe tọ́ lọ. Ẹni tó ṣe Pettaikaran, V. I. S. Jayapalan, akéwì Tamil láti Sri Lanka ni. Ohùn Radha Ravi ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ fún un. Ohùn tí à ń gbọ́ kì í ṣe tiẹ̀. Nítorí náà, ibi tí kò ti sọ̀rọ̀ nìkan ni ó ti jẹ́ odidi èèyàn kan, ibẹ̀ gan-an sì ni Kishore gbé ìtàn lé.

Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn àga ọ̀gá ló gé ìtàn ọ̀gá tí kò lè fara da kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ jù ú lọ. Mi ò sọ pé ìtàn ara rẹ̀ ni o. Mo kàn ń sọ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọ̀gá láìjẹ́ kí ọ̀gá mọ̀.

Ṣé kò wá lábùkù ni? Ó ní. Ìfẹ́ Karuppu àti Irene tí Taapsee Pannu ṣe dà bí òkúta nínú ẹ̀wà. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni ìtàn ń dúró. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, orin ti máa ń wà lọ́jà kí fíìmù tó jáde. Ẹ́dítọ̀ wo ló máa gé orin tí aráàlú ti ń kọ lójú pópó? Kishore gba àmì ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, ó sì tọ́ sí i.

Kaaka Muttai ti M. Manikandan, nípa ọmọdé méjì aláìní ní Chennai tí wọ́n fẹ́ jẹ písà, òun náà ló gé e. Ó ti kú kí ó tó dé ilé sinimá.

Visaranai ni fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Vetrimaaran tún ni, ó mú un látinú ìwé Lock Up tí M. Chandrakumar, awakọ̀ ọlọ́kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kọ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Àwọn òṣìṣẹ́ Tamil kan wà ní Guntur. Ọlọ́pàá mú wọn, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́wọ́ olè tí wọn ò jà. Kò sí orin, kò sí ijó. Ìyà ń bẹ níbẹ̀ tí mo fi ní láti dá a dúró, kí n jáde síta. Ohun tó dùn mí jù nínú gígé rẹ̀ ni pé kì í tètè kúrò. Bí igi bá ti ba ara, fíìmù mìíràn á gé lọ sí ojú ẹni tó ń wò, kí a lè mí. Èyí ò jẹ́ ká mí.

Fíìmù náà dé Venice ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn mìíràn ló parí iṣẹ́ ọ̀hún. Ìjọba àpapọ̀ tún fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ó ti di olóògbé. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ikú yẹn ti bo iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá kọ̀wé nípa gígé Visaranai lónìí, ikú ni yóò kọ́kọ́ sọ (èmi náà sọ ọ́ lókè yìí), àwọn tó jókòó sí àga rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ò sì ní ibì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí òun náà ò ṣe ní ibì kankan nígbà tó wà lọ́dọ̀ Lenin àti Vijayan.

Mo tún Visaranai wò kí n tó kọ èyí. Mò ń wá ibi tí ọwọ́ kan ti fi í sílẹ̀, tí òmíràn ti gbà á. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un wò, pàápàá apá kejì, nígbà tí wọ́n ti dé Chennai. Mi ò rí i.