Ilé Kalákútà ní Ìkejà: Ohun Tí Wọ́n Dá Sí àti Ohun Tí Kò Sí Níbẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó lè ya yín lẹ́nu pé ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Àwọn òbí kan ti bi wá léèrè bóyá ó tọ́ kí a kó àwọn ọmọ Mùsùlùmí lọ sí ilé tí òórùn igbó kò kúrò lára orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. A kò fẹ́ fi àgbọ́sọ dáhùn, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. A mú ọ̀dọ́ mélòó kan dání, a sì lọ.

Ilé náà wà ní ojúlé keje, òpópónà Gbẹ́misọ́lá, nítòsí Allen Avenue. Ibẹ̀ ni Fẹlá gbé títí di ìgbà tí ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997, iwájú ilé náà ni wọ́n sì sin ín sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ọjọ́ tí ì bá pé ẹni ọdún 74, wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí Babatúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, fi mílíọ̀nù 40 náírà ṣe ìrànwọ́. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ni ó darí àtúnṣe náà.

Ohun tí a kọ́kọ́ fẹ́ yìn ni pé wọn kò wó o. Ní agbègbè Allen tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú, ìbá rọrùn láti wó ilé àtijọ́ kí a sì kọ́ báǹkì sórí rẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé fi ilé náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti máa wò. Iyàrá tí ó ń sùn ni ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Wọn kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ibùsùn rẹ̀ wà níbẹ̀ bí ó ti fi í sílẹ̀, aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀. Wọ́n tilẹ̀ pàtẹ pátá rẹ̀! Ojú tì wá díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó bá wa lọ sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó mọ ọkùnrin náà mọ̀ pé pátá ni ó fi ń gba àlejò nínú ilé rẹ̀, ìbáà jẹ́ akọ̀ròyìn láti ìlú òyìnbó. Bí wọ́n bá gbé agbádá kọ́ síbẹ̀ dípò rẹ̀, irọ́ ni wọn ìbá pa fún wa.

Lára ògiri ni àwòrán páálí àwo orin rẹ̀ wà. Lemi Ghariokwu ni ó ya 26 nínú wọn. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà dúró pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè wo páálí kan kí ó sì mọ ẹni tí orin náà ń bá wí.

Níbi tí a ti ń gun àtẹ̀gùn ni ọmọkùnrin kan nínú àwọn tí a mú lọ, ọmọ ọdún méjìlá, ti béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, fèrèsé wo ni wọ́n ti ju màmá yẹn?” Ìbéèrè yìí ni ó tú àléébù ibẹ̀ síta. Kò sí fèrèsé náà ní Gbẹ́misọ́lá. Kalákútà tí gbogbo ayé gbọ́ ìròyìn rẹ̀ wà ní ojúlé 14A, Agege Motor Road, nítòsí ibùdókọ̀ Mọ́sáláṣí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n parí FESTAC, àjọ̀dún ńlá tí ìjọba fi ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú fún gbogbo ayé. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn rẹ̀, àwọn sójà ya wọ ilé olórin náà, wọ́n lu àwọn ènìyàn inú rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Ilé ìwòsàn Bẹ́kò, àbúrò rẹ̀, tí ó wà nínú ọgbà náà jóná pẹ̀lú. Wọ́n ju ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè. Obìnrin tí ó ti kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ dìde sí owó orí ni. Kò gbádùn ara rẹ̀ dáadáa mọ́ títí ó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní sójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é.

Nítorí náà, orúkọ ni wọ́n gbé wá sí Ìkejà, ilé kọ́. A kò sọ pé ó burú. Olúwa rẹ̀ ni ó sọ ibùgbé rẹ̀ tuntun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò bá ní ẹni tí yóò là á yé e lè jáde kí ó máa rò pé inú àwọn iyàrá wọ̀nyí ni iná náà ti jó. Iṣẹ́ àtúnṣe tí ó dára gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó sọnù pẹ̀lú. Ẹ tún wo Shrine àtijọ́ ní Pepple Street, ní Ìkejà kan náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti Fẹlá, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹbí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ òmíràn sí Agídíńgbí ní ọdún 2000. Agbègbè Computer Village ni ti àtijọ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù.

Ọ̀rọ̀ ilé ọtí tí ó wà lórí òrùlé àti iyàrá tí àlejò lè gbà sùn kò tẹ́ wa lọ́rùn. A mọ̀ pé ilé ń jẹun: òrùlé ń jò, ọ̀dà ń ṣí, àwọn òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù. Síbẹ̀, ibi tí sàárè wà níwájú, ariwo ìgò kò yẹ lókè rẹ̀. Kí àwọn òbí tí ó bá fẹ́ kó ọmọ lọ lọ ní òwúrọ̀.

Kí wọ́n sì lọ o. Òfin nìkan kì í dá ilé sí. Láti ọdún 1956 ni òfin ti dáàbò bo Ilojo Bar, ilé alárà Bràsíl tí ó wà ní Tinúbú; wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Bí a bá sì ń wo iyàrá Fẹlá, ọkàn wa a máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tiwa. Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó yọ fújì jáde láti inú wéré tí wọ́n fi ń jí wa sí sààrì, kú ní ọdún 2010. Àwọn ajísààrì mìíràn pọ̀ ní Agége àti Mushin tí kò gbajúmọ̀ tó o. Bí bàbá bẹ́ẹ̀ bá kú, a ó pín ogún bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í béèrè ìlù, fọ́tò àti káséètì? Orí ààtàn ni wọ́n sábà máa ń bá wọn. Ẹ̀sìn wa mọ ohun tí à ń pè ní wákàfù, tí ènìyàn lè fi ya ohun ìní rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Yàrá kan nínú ilé bàbá ẹni, bí àwọn ajogún bá fohùn ṣọ̀kan, kò pọ̀ jù láti yọ̀ǹda.

Ọkọ̀ Ojúẹlẹ́gbà ni a wọ̀ padà. Nígbà tí a dé Mọ́sáláṣí, a nawọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan fún ọmọkùnrin náà, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Ransome-Kuti. A ní, “Ibí yìí ni fèrèsé tí o béèrè wà.” Ó yí ọrùn padà, ó ń wò ó títí ọkọ̀ fi gbéra.