Igbó, Shayo àti Oúnjẹ Àárọ̀: Àgbéyẹ̀wò Last Last ti Burna Boy

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Burna Boy gbé orin tí ó pè ní Last Last jáde, ṣáájú àwo Love, Damini tí ó tẹ̀ lé e ní oṣù Keje. Àwọn èrò tí ó kún Madison Square Garden ní New York ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ti tọ́ ọ wò kí ó tó dé ọjà. Orin náà gun àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ipò kẹrin, ó wọ àtẹ ọgọ́rùn-ún orin ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí ó du àmì-ẹ̀yẹ Grammy ti ọdún 2023. Àṣeyọrí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ nípa rẹ̀. Díẹ̀ ni ó bìkítà láti wo èdè tí ó gbé e débẹ̀.

Port Harcourt ni wọ́n ti bí olórin náà ní ọdún 1991. Damini Ẹ̀bùnolúwa Ogulu ni orúkọ rẹ̀. Yorùbá ti wà nínú orúkọ kí ó tó wọ inú orin. Ìyá rẹ̀, Bose Ogulu, kẹ́kọ̀ọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè àti ògbufọ̀ ní Yunifásítì Port Harcourt. Bàbá ìyá rẹ̀ ni Benson Idonije, aṣelámèyítọ́ orin tí ó ti jẹ́ alámòójútó Fẹlá nígbà kan rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé ọmọ ìpínlẹ̀ Rivers kan ṣèèṣì mú ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìgboro Èkó ni, kò tíì wo ilé tí ó ti jáde.

Píjìn ni ìpìlẹ̀ orin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ìfẹ́ já kulẹ̀ bá fẹ́ dárúkọ ohun tí yóò fi pa ìrora, igbó àti shayo ni ó ń bèèrè. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboro tí ó dúró fún ọtí àti ìmutí. Bigiano ti fi sọ orin tirẹ̀ lórúkọ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Èkíní ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró tì. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, igbó ni ibi tí akọni ń wọ̀ láti fi agbára rẹ̀ hàn. Nínú Last Last, igbó ni ohun tí ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán ń tọrọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ó ń tẹ ọ̀rọ̀ orin kì í fi àmì ohùn sí i. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á sí orúkọ ẹ̀yà Ìgbò. Ní Port Harcourt, níbi tí àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó jẹ́ Ìgbò àti ẹni tí kì í ṣe é kò tíì tán láti ìgbà ogun abẹ́lé, àṣìkà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Olórin nìkan kọ́ ni ó ń pe shayo. Ó lé e, ọ̀pọ̀ ohùn sì gbè é. Níbi ègbè yìí ni ẹkún ẹnì kan ti di ti agbo. Àwọn tí ó sọ pé ìtàn ìfẹ́ olórin fúnra rẹ̀ ni orin náà ń sọ pàdánù nǹkan yìí. ‘Oúnjẹ àárọ̀’, tí ó jẹ́ àdàpè ìgboro fún kí olólùfẹ́ kọ ènìyàn sílẹ̀, ṣiṣẹ́ kan náà: oúnjẹ tí yóò kàn olúkúlùkù ni. Burna Boy kọ́ ni ó dá àdàpè náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé e dé òkè òkun. Ìlànà ẹnu Yorùbá fún ìyàwó ní ẹkún tirẹ̀. Ó fún ọdẹ ní ìrèmọ̀jé láti fi dárò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kú. Àyè ọkùnrin tí obìnrin já sílẹ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohùn orin tí Chopstix fi ṣe iṣẹ́ yìí wá láti inú He Wasn't Man Enough tí Toni Braxton kọ ní ọdún 2000. Nínú ti Braxton, obìnrin ni ó ń bá obìnrin mìíràn sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tí òun ti kọ̀ kí èkejì tó fẹ́ ẹ. Orí ohùn kan náà ni ọkùnrin wá ń sunkún sí. Ọnà tí ó jinlẹ̀ jù nínú orin náà nìyí, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹsẹ̀ orin fúnra wọn kò tó ègbè. Ẹ̀sùn tí ó wà nínú wọn kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ orin ìfẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé irú orin yìí kò yẹ ní ẹ̀ka lítíréṣọ̀ Yorùbá. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe orin Yorùbá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi agídí sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀ka náà bá ń retí kí gbogbo orin jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé kí ó tó tẹ́tí sí i, ohun tí èdè yìí ń ṣe lẹ́nu àwọn tí kì í ṣe Yorùbá yóò máa kọjá láìsí ẹlẹ́rìí.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ni. Rex Lawson, ọmọ Kalabari láti Buguma tí ó kú ní ọdún 1971, fi Kalabari kọrin, ó sì fi Ìgbò àti Ẹ́fíìkì kún un. Ègbè Last Last kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti inú àwọn èdè ìpínlẹ̀ Rivers.