Ojú Méjì Inú Fèrèsé

Áàpù kékeré kan wà lórí Linux tó ń jẹ́ xeyes. Ẹyinjú ńlá méjì ló máa ń yà sínú fèrèsé rẹ̀, kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa wo ọfà máòsì lọ. Bí ọfà bá lọ sọ́tùn-ún, ojú á yí sọ́tùn-ún. Bó bá gòkè, ojú á gbé sókè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí X sí orí Wayland, ètò méjì tó ń gbé fèrèsé jáde lójú kọ̀ǹpútà. Mo mú ọfà kọjá lórí ẹyinjú náà, wọ́n tẹ̀ lé e. Mo mú un bọ́ sórí fèrèsé ìkọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú méjèèjì dúró gbagidi. Wọn ò rí ọfà mọ́. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, torí mo mọ̀ pé ẹnubodè tó wà láàárín iṣẹ́ ọwọ́ méjì ni mo ń wò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kí àgbà, ìyẹn X, ná. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1984, Bob Scheifler ní MIT, ní ìlú Cambridge ní Massachusetts, mú ètò fèrèsé kan tó ń jẹ́ W, tó wá láti Stanford, ó tún un ṣe, ó sì fi lẹ́tà tó tẹ̀ lé W sọ ọ́ lórúkọ. Òun àti Jim Gettys jọ mú un dàgbà. Ní 1987 ni ẹ̀dà kọkànlá, X11, jáde. Títí dòní, kò sí ìkejìlá.

Ohun tó yí padà lára W kéré létí, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ọgbọ́n náà. Nínú W, bí áàpù bá ní kí wọ́n fa ìlà kan, á dúró gba èsì kó tó béèrè òmíràn. X kì í dúró. Á kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jọ, á sì rán gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa pàṣẹ lórí fèrèsé tí wọn ò tíì fún un ní nọ́ńbà? Ibi tí mo ti ṣí fìlà fún àwọn àgbà X11 nìyí. Ọjọ́ tí áàpù bá kọ́kọ́ wọlé, sáfà, ìyẹn X fúnra rẹ̀, á pín ilẹ̀ nọ́ńbà kan fún un, tí ẹlòmíràn ò lè dá oko sí. Láti ọjọ́ náà, áàpù fúnra rẹ̀ ló ń sọ fèrèsé rẹ̀ lórúkọ: “Mo dá fèrèsé kan, nọ́ńbà báyìí ni. Kùn ún ní funfun. Kọ ọ̀rọ̀ yìí sí i. Gbé e jáde síta.” Gbogbo rẹ̀ lọ ní ìrìn kan ṣoṣo. Ìròyìn ìbí ò tíì dé ilé bàbá, ọmọ ti ní orúkọ, orúkọ náà ò sì ní pa pọ̀ mọ́ ti ọmọ aládùúgbò láéláé. Nítorí èyí ni áàpù fi lè máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ńlá kan nínú ilé mìíràn, kí àwòrán rẹ̀ máa jáde lórí tábìlì níwájú rẹ, láìfa ẹsẹ̀.

Wọ́n tún mọ̀ ọ́n ṣọ́ ná. Nígbà náà, àyè ìrántí kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú. Bí fèrèsé kan bá bo òmíràn, kò di dandan fún X láti rántí ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ká ti òkè kúrò, X á ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ti ìsàlẹ̀ pé apá ibí yìí ti hàn síta, wá tún un yà. Bí onítọ̀hún bá tètè dáhùn, ojú ò ní rí nǹkan kan. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, òkú àwòrán fèrèsé òkè á máa wọ́ tẹ̀ lé e káàkiri bí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀.

Kristian Høgsberg ti ṣiṣẹ́ nínú ikùn X fúnra rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ Wayland ní 2008. Láti ara ìlú kan ní Massachusetts kan náà ló ti mú orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń lépa ni pé kí àwòrán kọ̀ọ̀kan tó bá dé ojú kọ̀ǹpútà pé pérépéré.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Áàpù á ya àwòrán tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Á so ó mọ́ fèrèsé, ìyẹn attach; á tọ́ka sí ibi tó yí padà, ìyẹn damage. Ohunkóhun ò tíì ṣẹlẹ̀ lójú òde. Inú ìgbàlẹ̀ ni egúngún ti ń wọ ẹ̀kú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rí i nígbà tí apá kan wọlé tí apá kan wà níta. Ìgbà tí áàpù bá sọ pé commit ni gbogbo rẹ̀ jáde pa pọ̀. Ẹ fa etí fèrèsé kí ó fẹ̀ sí i, ẹ ó rí ohun tí mo ń wí. Lórí X, férémù lè kọ́kọ́ sáré lọ, kí inú rẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn, kí ìlà dúdú kan sì là wọ́n láàárín. Lórí Wayland, ẹni tó ń to fèrèsé á sọ ìwọ̀n tuntun. Áàpù á ya ti ìwọ̀n yẹn, á fèsì pé àṣẹ báyìí gan-an ni mo fi èyí dáhùn, á wá commit. Férémù àti inú rẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti fa fèrèsé síwá sẹ́yìn láìnídìí, kí n lè kàn máa wo ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹ sì wo ogún: nínú Wayland náà, áàpù ṣì ń fúnra rẹ̀ yan nọ́ńbà fún ohun tó bá dá.

Ohun tí àbúrò kọ̀ ni ojú lílà sílẹ̀. Lórí X, áàpù yòówù lè béèrè ibi tí ọfà wà, ó sì lè gbọ́ gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀, títí kan páásíwọ́ọ̀dù nínú fèrèsé ẹlòmíràn. Wayland ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló sì ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn olóòótọ́ náà bá a lọ: àwọn tó ń gba fídíò ojú kọ̀ǹpútà, àti èyí tó dùn mí jù, àwọn áàpù tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún afọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá ọ̀nà mìíràn wọlé. Fedora, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, sọ Wayland di àkọ́yàn ní 2016. Ubuntu, ẹ̀yà mìíràn, gbà á ní 2017, ó padà sí X ní 2018, ó tún gbà á ní 2021. Mi ò bá ẹni tó padà wí.

Kí àwọn áàpù àtijọ́ má bàa kú, wọ́n gbé odindi X kan sínú Wayland, Xwayland lórúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni xeyes mi ń gbé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún ṣí áàpù àtijọ́ mìíràn, aago xclock, mo gbé e sí apá òsì pátápátá. Mo rọra mú ọfà gba orí fèrèsé ìkọ̀wé kọjá, ojú méjèèjì ò mira. Bí ọfà ṣe kan etí aago náà, wọ́n yí sósì wìì.