Ẹ̀dà Ló Gbé E Níyì: Àgbéyẹ̀wò Òkìkí Àwòrán Tutu

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Bonhams ta Tutu ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní iye tó lé ní £1,200,000, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n fojú dá tẹ́lẹ̀ kò ju £300,000 lọ. Ben Enwonwu ló ya àwòrán náà ní 1974. Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ifẹ̀, ló yà. Ẹni tó bá wo iye owó yìí nìkan lè rò pé gbàǹjo ló bí òkìkí rẹ̀. Èrò bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà.

Mona Lisa tí wọ́n sábà máa ń fi Tutu wé gan-an jẹ́rìí sí i. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń yin iṣẹ́ Leonardo da Vinci yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí Vincenzo Peruggia jí i ní Louvre ní 1911 ni àwọn ìwé ìròyìn tẹ ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i ní 1913, ẹni tí kò dé Parisi rí ti mọ ojú rẹ̀.

Bákan náà ni Tutu. Lẹ́yìn àfihàn kan ní Èkó ní 1975, ojúlówó di àwátì, ṣùgbọ́n ẹ̀dà títẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ Ìgbò ló ya ọmọọba Yorùbá lẹ́yìn ogun abẹ́lé; ọ̀pọ̀ ènìyàn rí àmì ìlàjà nínú rẹ̀.

Babátúndé Lawal túmọ̀ àwòrán sí ohun tí à ń wò láti fi rántí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà kì í ṣe òjìji lásán. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ ìrántí níbi tí ojúlówó kò dé. Kò di dandan kí Tutu jáde láti Ṣómólú kí ìtẹ̀wé Ṣómólú àti Bàríga tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Láti ibẹ̀ ni ojú ọba, olóògbé àti gbajúmọ̀ ti ń wọ ilé, lára kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú. Síbẹ̀, ìtàn iṣẹ́-ọnà kì í dárúkọ atẹ̀wé.

Lóòótọ́, ẹ̀dà nìkan kò tó: ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà ni ọdún ń gbé lọ. Ọgbọ́n ọwọ́ Enwonwu ló mú kí ojú yìí ṣeé tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é ní “Mona Lisa Áfíríkà” ń fi òkìkí àjèjì bo orúkọ Adétutù mọ́lẹ̀, ó sì ń sọ àwọn tó kọ́kọ́ gbé e kọ́ sílé di ẹni tí kò mọ iyì rẹ̀. Àwọn gan-an ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.