Ilẹ̀ Tí Wọ́n Gbẹ́ Kúrò: Ibùdó Ìtàn nínú Iṣẹ́ Nakagami Kenji

Nínú lámèyítọ́ ìtàn àròsọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń fi ibùdó ìtàn ṣe ni pé wọn a ka òkè, odò àti igbó inú ìwé, wọn a sì fi hàn bí wọ́n ṣe bá ìṣesí àwọn ẹ̀dá-ìtàn mu. Ọ̀nà yìí kò tó láti fi ka iṣẹ́ Nakagami Kenji (Nakagami ni orúkọ ìdílé), òǹkọ̀wé ọmọ Jàpáàn tí wọ́n bí ní ìlú Shingu ní 1946, tí ó sì kú ní 1992. Nínú ìwé rẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń sọ irú ẹni tí àwùjọ yóò gbà pé ènìyàn jẹ́.

Shingu wà ní agbègbè Kumano, ní gúúsù ilẹ̀ Kii tí ó yọ gbọọrọ wọ inú òkun Pàsífíìkì. Òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun wà níwájú. Láti ayébáyé ni àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ti ń wá sí àwọn ojúbọ Kumano. Hayatama, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó lókìkí jù, wà ní Shingu gan-an, UNESCO sì ti fi wọ́n kún ogún àgbáyé ní 2004. Nítorí náà, ó rọrùn láti sọ Nakagami di akéwì ilẹ̀ mímọ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí wọ́n bí i sí kì í ṣe ibi tí arìnrìn-àjò ń yà sí. Àdúgbò buraku ni, ti àwọn tí baba ńlá wọn ń ṣe iṣẹ́ awọ àti òkú ẹran, tí àwùjọ sì kà sí aláìmọ́. Àṣẹ ìjọba fòpin sí ipò yẹn ní 1871; ìyàsọ́tọ̀ kò dópin. Èdè kọ́, àwọ̀ ara kọ́, àdúgbò tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n fi ń dá ọmọ buraku mọ̀. Ẹni tí ó bá gbójú fo èyí yóò ka òkè àti odò Nakagami bí ẹni ń wo àwòrán ara ògiri.

Roji, ìyẹn ọ̀nà tóóró láàárín ilé, ni orúkọ tí ó yàn fún àdúgbò náà. Ibẹ̀ ni Akiyuki ti dàgbà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú Misaki, ìwé tí ó gba ẹ̀bùn Akutagawa ti ìdajì kejì ọdún 1975. Lébìrà ni. Nínú Karekinada (1977), tí ó jẹ́ èyí tí ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ òǹkọ̀wé yìí, ìgbà tí Akiyuki bá ń fi dígà gbẹ́ ilẹ̀ nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀: oòrùn, òógùn àti igbe kòkòrò wọ inú ara rẹ̀ títí tí kò fi rántí ọmọ ẹni tí òun jẹ́. Ó sì ní ìdí tí ó fi yẹ kí ó fẹ́ gbàgbé. Ìyá rẹ̀ ti bímọ fún ju ọkùnrin kan lọ. Hamamura Ryuzo tí ó bí i jẹ́ àjèjì tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó ti iná bọ ilé onílé kí ó lè rí ilẹ̀ gbà. Nígbà tí owó dé, Ryuzo gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún baba ńlá kan tí ó kàn yàn fún ara rẹ̀. Ilẹ̀ tí ọmọ ń gbẹ́ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìran, òun ni bàbá ń kó jọ kí ó lè ní ìran. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìwé náà dúró, títí dé ibi tí Akiyuki ti pa Hideo, ọmọ bàbá rẹ̀.

Iṣẹ́ dígà yìí kan náà ni ó pa roji run. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1969 mú owó ìjọba wá fún àtúnṣe irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ní Shingu, wọ́n gbẹ́ òkè kékeré tí ó la ìlú kúrò, roji sì bá a lọ. Ta ni yóò sọ pé kí ilé tí ó ti hẹ́gẹhẹ̀gẹ má kúrò? Síbẹ̀, Nakagami gbé kámẹ́rà lọ ya ibẹ̀ kí ó tó parẹ́. Aoyama Shinji lo àwòrán náà nínú sinimá rẹ̀ ní 2000. Nínú Sennen no yuraku (1982), ó gbé ìrántí àdúgbò lé Oryu lọ́wọ́, ìyá àgbà agbẹ̀bí tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí ó mọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú gbogbo ọmọ tí ó gbà. Ìtàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú rẹ̀ dùn, bóyá wọ́n tilẹ̀ dùn jù: ẹwà àwọn ọ̀dọ́ tí ń kú láìtọ́jọ́ ń bo ebi àti ìtìjú mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ bí Akiyuki ti ń gbẹ́ ẹ.

Àfonífojì inú igbó Shikoku tí Oe Kenzaburo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ láti padà sí. Akiyuki kò ní irú rẹ̀. Nígbà tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé nínú Chi no hate shijo no toki (1983), koríko ni ó bá níbi tí roji wà. Ryuzo pokùnso nínú ìwé kan náà, ọmọ kò sì rí bàbá tí yóò bá jà mọ́. Ní ìparí, Akiyuki ti iná bọ koríko náà, irú iná tí wọ́n ń sọ mọ́ bàbá rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.