Ọkọ̀ Tó Fà Sẹ́yìn Díẹ̀

Ẹni tó bá ti wọ dáńfó láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ rí á ti ṣàkíyèsí pé awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í dúró dìgbà tí ọ̀nà bá ṣófo kó tó wọlé. Bó bá dúró, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. Á ti imú ọkọ̀ síwájú díẹ̀, á dúró, á wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Bí onítọ̀hún bá tẹ búréèkì, ó ti wọlé nìyẹn. Bí onítọ̀hún bá ń bọ̀ kíkankíkan, á ṣe jẹ́ẹ́.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni Dorsa Sadigh, onímọ̀ nípa róbọ́ọ̀tì, gbé wọ inú kọ̀ǹpútà. Ní 2016, nígbà tó wà ní yunifásítì Berkeley, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀. Nígbà náà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣírò ibi tí ẹlòmíràn máa gbà, á sì yà fún un. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣojo. Sadigh fẹ́ kó máa ronú bí ọ̀ta ayò: bí mo bá ṣe báyìí, kí ni ẹni yìí máa fi dá mi lóhùn? Àwọn ènìyàn wakọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ sì ti ara ìwakọ̀ wọn mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ àti ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ibi tó wù mí jù ni oríta. Ọkọ̀ méjì pàdé, ènìyàn wà nínú ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ ẹ̀rọ rí i pé ènìyàn ló kọ́kọ́ kọjá. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ pé "ẹ máa lọ". Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹni iwájú rẹ̀ sì kọjá. Awakọ̀ ọmọlúàbí náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà tó fẹ́ sọdá.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì péré nìyẹn. Ní Ìkòròdú, dáńfó kan á máa bá máàrúwá, tírélà àti ọmọ tó ń ta omi dúnàádúrà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú tó ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni ìṣirò ń kọjá agbára ẹ̀rọ.

Ní 2020, Sadigh, tó ti wà ní yunifásítì Stanford nígbà náà, àti Annie Xie, Chelsea Finn àtàwọn olùwádìí mìíràn fi họ́kì orí tábìlì gbìyànjú ọ̀nà míì. Róbọ́ọ̀tì ń ṣọ́lé, ẹni tó ń gbá àwo pẹlẹbẹ eré náà sí i sì ń pààrọ̀ ibi tó ń gbá a sí. Róbọ́ọ̀tì kò wá gbogbo ohun tó wà lọ́kàn onítọ̀hún. Ìlànà rẹ̀ nìkan, ní ṣókí, ló dì mú, àti bí ìlànà náà ṣe ń yí padà lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ó tilẹ̀ kọ́ bó ṣe lè darí onítọ̀hún.

Ọ̀nà yìí ni mo rò pé ó sún mọ́ iṣẹ́ awakọ̀ wa jù. Awakọ̀ dáńfó kò mọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀, kò mọ ibi tó ń lọ. Ó wo bí táyà rẹ̀ ṣe yí, ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké, ó ti mọ̀ pé eléyìí ń kánjú, pé tọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ ni, ó sì ti yí ọwọ́ rẹ̀ kí kọ̀ndọ́ tó pariwo.